Èpò Kọ́, Ọbàkan Ni: Èdè-Ìperí fún Àwọn Ìbátan Àlìkámà

Bí a bá béèrè lọ́wọ́ Yorùbá tí ó mọ̀wé pé kí ni òdìkejì àlìkámà, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni èpò. Kì í ṣe inú oko ni ó ti kọ́ ọ, nítorí pé díẹ̀ ni Yorùbá tí ó fi ojú rí oko àlìkámà rí. Inú Bíbélì ni ó ti kọ́ ọ. Nínú òwe kan tí ó wà ní orí kẹtàlá Ìwé Mátíù, àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá lo àlìkámà fún irúgbìn rere tí olóko gbìn, wọ́n sì lo èpò fún ohun tí ọ̀tá wá fún sí àárín rẹ̀ ní òru. Láti ìgbà náà ni àwọn oníwàásù ti sọ ọ̀rọ̀ méjèèjì di ọ̀tá ara wọn nínú èdè. Ọ̀kan wà fún àká, èkejì wà fún iná.

Ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn rí nínú àlìkámà kò bá ìpínyà yìí mu. Ní 1944, H. Kihara ní ilẹ̀ Jàpáànù, àti E. S. McFadden pẹ̀lú E. R. Sears ní Amẹ́ríkà, láìjẹ́ pé wọ́n jọ gbìmọ̀, nítorí pé ogun wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì, fi hàn pé koríko ìgbẹ́ kan báyìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òbí àlìkámà tí a fi ń ṣe búrẹ́dì. Aegilops squarrosa ni wọ́n ń pe koríko náà nígbà náà. Aegilops tauschii ni orúkọ tí ó gbayì jù lónìí. Kúrómósóòmù 42 ni ó wà nínú àlìkámà búrẹ́dì, 14 nínú wọn ni ó sì ti ọ̀dọ̀ koríko yìí wá. Ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́ta ogún tí àlìkámà jẹ wá láti ọ̀dọ̀ ohun tí olóko yóò fà tu bí ó bá rí i láàárín ebè rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí nìyí. Láti 1970, nígbà tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, títí kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, ó ti ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi ẹnu gbogbo sọ pé èdè náà kò lè gba irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni irú ọ̀rọ̀ tí yóò gbé e. Lílo àwọn koríko ìgbẹ́ láti mú kí àlìkámà so ju ti tẹ́lẹ̀ lọ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ńlá tí ó ń lọ nínú ìmọ̀ ohun ọ̀gbìn lóde òní. Kò ní pẹ́ wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ Yorùbá, bí kò bá tíì wọ̀ ọ́. Bí olùkọ́ bá sọ fún ọmọ kíláàsì pé àwọn onímọ̀ ń da èpò pọ̀ mọ́ àlìkámà, ọmọ náà yóò rò pé iṣẹ́ ọ̀tá inú òwe nì ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Kí á tó mú ọ̀rọ̀, ó yẹ kí á mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ń pè. Àlìkámà kì í ṣe ọmọ òbí méjì péré. Koríko ìgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Triticum urartu pàdé koríko mìíràn tí ó súnmọ́ Aegilops speltoides, nígbà tí ènìyàn kò tíì mọ iṣẹ́ àgbẹ̀ rárá. Kúrómósóòmù ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ 14. Ọmọ tí wọ́n bí kó ti àwọn méjèèjì pọ̀, ó sì ní 28. Ọmọ náà ni émà ìgbẹ́. Àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ní ìwọ̀-oòrùn Éṣíà sọ ọ́ di ohun ọ̀gbìn, láti ara rẹ̀ sì ni àlìkámà líle tí a fi ń ṣe makaróònì ti jáde. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ gbé irú émà dé agbègbè gúúsù Òkun Káspíà, ó bá Aegilops tauschii pàdé. Ní nǹkan bí 8,000 sí 10,000 ọdún sẹ́yìn, eruku inú òdòdó koríko yìí bọ́ sí orí òdòdó émà, àlìkámà búrẹ́dì sì di ohun tí ó wà. Kò sí ẹni tí ó gbèrò rẹ̀.

Ìpàdé náà dára, ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ káàtó. Ìwọ̀nba koríko díẹ̀ ni ó bá émà pàdé lọ́nà bẹ́ẹ̀. Gbogbo àlìkámà búrẹ́dì tí ó wà láyé, láti Kánádà dé Ọsirélíà, ni ó jẹ ogún ìdá kẹta yìí láti ọwọ́ àwọn baba díẹ̀ náà. Àwọn koríko tí ó kù sí ìgbẹ́, láti ìlà-oòrùn Tọ́kì lọ sí Ìránì títí dé Ṣáínà, ní oríṣìíríṣìí àbùdá tí kò wọ inú àlìkámà rí: èyí tí ó ń fara da ọ̀dá, èyí tí ó ń fara da iyọ̀ inú ilẹ̀, èyí tí àrùn kò ràn. Ní 1998 ni a rí irú àrùn ìdógùn-ún kan ní Ùgáńdà, tí a sọ ní Ug99, tí ó ń mú kí igi àlìkámà pọ́n bí irin tí ó dógùn-ún, tí ó sì borí ọ̀pọ̀lọpọ̀ irú tí àwọn àgbẹ̀ ti gbẹ́kẹ̀ lé. Ọ̀kan nínú àwọn àbùdá tí ó lè dènà rẹ̀ ni Sr33. Inú Aegilops tauschii ni ó ti wá. Àlìkámà kò rí i nínú ilé ara rẹ̀. Ilé baba rẹ̀ ni ó padà sí.

Kì í ṣe òní ni irú ìpadàbọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ní 1916, McFadden kan náà tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fi émà kan tí ń jẹ́ Yaroslav so pọ̀ mọ́ Marquis, àlìkámà tí ó gbòde ní Amẹ́ríkà àti Kánádà nígbà náà. Ohun tí ó rí níkẹyìn ni irú tí ó sọ ní Hope, tí agbára rẹ̀ láti dènà ìdógùn-ún sì wọ inú àìmọye àlìkámà tí ó tẹ̀lé e. Àrùn mìíràn tí ń sun ṣírí àlìkámà fọ́jú jáde ní Bràsíìlì ní 1985, ó sì dé Bangladesh ní 2016. Ohun tí ó ń dí i lọ́wọ́ jù ni ẹ̀ka kúrómósóòmù kan tí àlìkámà gbà lọ́wọ́ Aegilops ventricosa. Nínú émà ìgbẹ́ bákan náà ni àwọn onímọ̀ ti rí àbùdá Gpc-B1, tí wọ́n tú palẹ̀ ní 2006, tí ń mú kí purotéènì, irin àti síńkì pọ̀ sí i nínú ọkà.

Wàyí o, kí ni èpò? Èpò kì í ṣe orúkọ ìdílé. Àgbàdo tí ó hù láàárín ẹ̀pà lè di èpò ní ojú ẹni tí ó gbin ẹ̀pà. Èpò ń sọ ibi tí nǹkan hù sí àti ìyà tí ó fi ń jẹ irúgbìn. Kò sọ ẹni tí ó bí i. A kò sì gbọdọ̀ sẹ́ pé àwọn koríko wọ̀nyí ń ṣe èpò. Aegilops tauschii ń da àwọn olóko láàmú nínú oko àlìkámà ní Ṣáínà. Ní Amẹ́ríkà, Aegilops cylindrica, tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀, le gan-an láti pa, nítorí pé ó súnmọ́ àlìkámà tó bẹ́ẹ̀ tí oògùn tí yóò pa á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè pa àlìkámà pẹ̀lú. Olóko tí ó pè é ní èpò kò purọ́. Ìwé ẹ̀kọ́ tí ó bá fi èpò ṣe orúkọ rẹ̀ ni ó ń ṣini lọ́nà, nítorí pé ó mú ẹ̀sùn tí a fi kan nǹkan, ó sì fi ṣe orúkọ àbísọ rẹ̀.

Ìdẹwò kejì ni kí á túmọ̀ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ní tààrà. Goat grass ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, ó sì rọrùn láti sọ ọ́ di koríko-ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Yorùbá, koríko wo ni kì í ṣe ti ewúrẹ́? Ẹni tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé ohun tí a ń já fún ẹran ìso ni. Èyí tí ó tún burú jù ni pé àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Nàìjíríà ti fi goat weed pe Ageratum conyzoides, ewé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí imí-eṣú. Imí-eṣú kì í tilẹ̀ ṣe koríko. Kò bá àlìkámà tan rárá. Olùtumọ̀ tí ó bá ń sáré lè mú ọ̀kan fún èkejì, kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé imí-eṣú ni baba búrẹ́dì.

Èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ọ̀rọ̀ tí ó bá ohun tí ó wà láàárín àlìkámà àti koríko yìí mu. Ọ̀rọ̀ ìbátan wà, ó sì gbòòrò tó láti kó gbogbo ẹbí pọ̀; nítorí náà, ìbátan ìgbẹ́ dára fún gbogbo koríko tí ó bá irúgbìn kan tan. Ṣùgbọ́n èdè tí ó ya iyèkan sọ́tọ̀ kúrò lára ọbàkan lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iyèkan ni àwọn tí ó tan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọbàkan ni àwọn tí ó tan láti ọ̀dọ̀ baba. Nínú ìpàdé tí ó wáyé ní agbègbè Òkun Káspíà, émà ni ìyá. Inú òdòdó rẹ̀ ni irú ti dúró, àwọn ohun tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì àlìkámà lẹ́yìn odi kúrómósóòmù, tí ìyá nìkan ń fi lé ọmọ lọ́wọ́, sì ń jẹ́rìí sí i títí di òní. Koríko ni baba. Èyí já sí pé émà àti àlìkámà makaróònì jẹ́ iyèkan àlìkámà búrẹ́dì, àwọn Aegilops tauschii tí ó wà ní ìgbẹ́ lónìí sì jẹ́ ọbàkan rẹ̀. Àwọn onímọ̀ a máa fi lẹ́tà A, B àti D dúró fún ẹ̀ka mẹ́ta tí ó pàdé nínú àlìkámà. Ọmọ tí ó gbọ́ A, B, D gbọ́dọ̀ há a sórí. Èyí tí ó gbọ́ iyèkan àti ọbàkan ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ náà láti ilé.

Ẹnìkan lè jiyàn pé ojú tí Yorùbá fi ń wo ọbàkan kì í ṣe ojú tí ó fi ń wo ọmọ ìyá. Pé ìjà ogún àti ìfura wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni, ìwà koríko náà gan-an sì nìyẹn. Bí a bá fi ọbàkan yìí so pọ̀ mọ́ àlìkámà, kì í ṣe àbùdá rere nìkan ni ó ń kó wọlé. Ó ń mú èèpo líle tí kò ṣeé pa wá. Ó ń mú ṣírí tí ń já dànù kí olóko tó dé bá a wá. Igi rẹ̀ lè ga tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ yóò fi tẹ̀ ẹ́ bolẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tí ń mú irú dára fi ń so ọmọ náà pọ̀ mọ́ àlìkámà oko léraléra, tí wọ́n ń ṣa èyí tí ó dára, tí wọ́n ń da èyí tí kò dára nù. Ìbátan lásán kò lè sọ ìtàn yìí. Ọbàkan sọ ọ́: ẹni tí ó mú ogún wá, tí ó sì mú ẹjọ́ wá pẹ̀lú rẹ̀.

Àṣìlò kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò, bí kò tilẹ̀ gba àlàyé púpọ̀. Àwọn oníròyìn fẹ́ràn láti pe àwọn koríko wọ̀nyí ní ọkà àtijọ́ tàbí ọkà ìgbàanì. Ohun tí ó jẹ́ ti ìgbàanì ní etí Yorùbá ni ohun tí ó ti kọjá lọ. Aegilops tauschii kò kọjá lọ síbì kankan. Ó wà ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Ìránì lónìí, ó ń yọ òdòdó, ó ń gbọn irú. Ìpàdé ni ó jẹ́ ti àtijọ́. Àwọn tí ó pàdé ṣì wà láàyè, òun sì ni ó mú kí iṣẹ́ náà ṣeé ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí ó nira jù lọ ni ti àlìkámà tí àwọn onímọ̀ ń mú jáde nípa mímú kí àwọn òbí náà tún pàdé. Synthetic wheat ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ọwọ́ olùtumọ̀ yóò kọ́kọ́ bà lé àtọwọ́dá. Àtọwọ́dá kì í ṣe èébú, ṣùgbọ́n ọjà tí ọ̀rọ̀ yìí ń ná kò dára. Láti àtọwọ́dá sí àdàmọ̀dì kò jìnnà. Láti àdàmọ̀dì sí ayédèrú kò tó ìṣísẹ̀ kan, ní ilẹ̀ tí ayédèrú oògùn ti pa ènìyàn. Àmúlùmálà kò sì sàn jù, nítorí pé àwọn onímọ̀ èdè pàápàá ti fi bú ẹni tí ń po Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó hàn gbangba pé nígbà tí Yorùbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ti inú méjì wá, ìfura ni ó sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n a yọ ohun akọ inú òdòdó àlìkámà makaróònì, kí ó má baà gba eruku ara rẹ̀, wọ́n a sì gbọn eruku òdòdó ọbàkan lé e. Ìyá fún ọmọ ní kúrómósóòmù 14, baba fún un ní 7, ọmọ ní 21. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà rí oúnjẹ tí ó tó nínú irúgbìn tí ó wà. Nítorí náà, wọ́n a yọ ọlẹ̀ náà ní kékeré, wọ́n a fi oúnjẹ inú ìgò tọ́ ọ. Bí ó bá dàgbà, àgàn ni, nítorí pé kúrómósóòmù rẹ̀ kò ní ẹnìkejì tí wọn yóò jọ so pọ̀. Wọ́n a wá fi kọlíkísíìnì, oògùn kan tí ó ti ara òdòdó wá, sọ 21 náà di ìlọ́po méjì. Ó di 42. Ó lè so wàyí. Kò sí ohun kan nínú gbogbo èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí ní oko émà kan ní nǹkan bí 8,000 ọdún sẹ́yìn, àyàfi ìgò àti oògùn. McFadden àti Sears ti fi hàn ní àwọn ọdún 1940 pé bí a bá mú àwọn òbí náà pàdé, ohun tí yóò jáde yóò jọ àlìkámà tí a ti mọ̀. Nítorí náà, àlìkámà àtúndà ni ó yẹ kí á pè é. Wọn kò dá ohun tí kò sí rí. Wọ́n tún èyí tí ó wà dá.

Ní ibi yìí, ọ̀rọ̀ kan kù fún kúrómósóòmù 7 tí ń rìn pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. Ìdì ni ó bá a mu jù, bí a ti ń sọ ìdì igi tàbí ìdì ọkà. Koríko ìgbẹ́ ní ìdì méjì, émà ní ìdì mẹ́rin, àlìkámà búrẹ́dì ní ìdì mẹ́fà. Ẹni tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ rántí fi àmì ohùn sí i. Bí ó bá di ìdí mẹ́fà, kíláàsì yóò fi ẹ̀rín pa aago.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àyálò yóò béèrè ìdí tí a kò fi kọ síńtẹ́tíìkì kí ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ohun tí ó burú nínú yíyá ọ̀rọ̀. Àlìkámà gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò: Lárúbáwá ni ó ni al-qamḥ, Hausa sọ ọ́ di alkama, Yorùbá gbà á lọ́wọ́ Hausa. Nǹkan tuntun ni ó dé, ó sì bá orúkọ rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ bí àtúndà ń ṣe yàtọ̀. Kì í ṣe nǹkan lásán ni ó ń dárúkọ. Ó ń ṣe ìdájọ́ nípa bí nǹkan náà ti ṣe wáyé, bí synthetic náà ti ń ṣe ìdájọ́ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ìdájọ́ tí kò sì tọ́. Bí a bá yá a, àṣìṣe elédè ni a yá pẹ̀lú owó èlé.

Èrè iṣẹ́ náà kò kéré. Ilé ìwádìí àgbáyé lórí àgbàdo àti àlìkámà tí ń jẹ́ CIMMYT, tí ó wà ní Mẹ́síkò, ti mú àlìkámà àtúndà tí ó lé ní 1,000 jáde láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ní Sichuan ní ilẹ̀ Ṣáínà, wọ́n so ọ̀kan nínú wọn pọ̀ mọ́ àlìkámà agbègbè náà, wọ́n sì gbé irú tí ń jẹ́ Chuanmai 42 jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní 2003. Nínú ìdánwò oko ọdún méjì, ìkórè rẹ̀ lé ní tọ́ọ̀nù 6 lórí hẹ́kítà kan, ó sì fi ìdá 22.7 nínú ọgọ́rùn-ún ju irú tí wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀ lọ. Èyí ni iye tí ó yẹ kí á kọ sínú ìwé, nítorí pé ó ní oko, ó ní ọdún, ó ní ohun tí a fi wé. Ní 2013, nígbà tí NIAB ní Cambridge kéde iṣẹ́ tirẹ̀ lórí àlìkámà àtúndà, ohun tí àwọn ìwé ìròyìn gbé kiri ni pé ìkórè lè fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ìdánwò ìbẹ̀rẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ kékeré nì, lè, ni ó kọ́kọ́ máa ń bọ́ sílẹ̀ bí a bá ń túmọ̀ ìròyìn, ẹni tí ó sì bọ́ ọ sílẹ̀ ti sọ ìrètí di ìkórè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀ràn àwọn àjèjì ni gbogbo èyí, kí ó wo àwo gàárì tí ó wà níwájú rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn onímọ̀ ní Amani, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tàǹsáníà lónìí, ti ń so ẹ̀gẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn ìbátan rẹ̀ ìgbẹ́ nítorí àrùn tí ń ká ewé rẹ̀ kò. Èyí tí ó ṣe wọ́n ní àǹfààní jù ni Manihot glaziovii, igi ilẹ̀ Bràsíìlì tí a ń rí rọ́bà lára rẹ̀. Irú tí ó ti inú iṣẹ́ náà wá dé Ìbàdàn. Àwọn onímọ̀ ní IITA lò ó ní àwọn ọdún 1970 láti mú àwọn ẹ̀gẹ́ bí TMS 30572 jáde, tí àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà sì gbà tọwọ́tẹsẹ̀. Rọ́bà ìgbẹ́ ti wà nínú ẹbà láti ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí ó pe ẹbà ní ayédèrú. Ágíríìkì ni àwọn àgbẹ̀ pe ẹ̀gẹ́ tuntun bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ti pe adìẹ tuntun. Orúkọ yìí sọ ilé-iṣẹ́ tí nǹkan ti wá, kò sì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Adìẹ ágíríìkì sì ti di ohun tí a fi ń bú ẹni tí kò lágbára, èyí tí ó fi hàn pé bí àwọn onímọ̀ èdè kò bá tètè fún nǹkan ní orúkọ, ọjà yóò fún un ní tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan tún wà nítòsí ju ẹ̀gẹ́ lọ. Gbági, koríko lílekoko tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ojú ọ̀nà oko àti ní àgbàlá ilé-ẹ̀kọ́, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì jẹ́ Eleusine indica, jẹ́ òbí fún ọkà wẹ́wẹ́ kan tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íńdíà ń jẹ, tí àwọn Hausa ń pè ní tamba. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín tauschii àti àlìkámà ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín gbági àti tamba: ìdì tí ó ti ọ̀dọ̀ koríko wá wà nínú ọkà títí di òní. Níhìn-ín, gbági ni ìyá, nítorí náà iyèkan ni yóò jẹ́ fún tamba, kì í ṣe ọbàkan. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ lóye ọ̀rọ̀ àlìkámà, tí kò sì ní àlìkámà tí yóò fi hàn wọ́n, lè ní kí wọ́n fa gbági kan tu ní ẹ̀yìn kíláàsì.

Ó ku ilé tí a ń kó irú àwọn ìbátan ìgbẹ́ sí. Báńkì irúgbìn ni àwọn kan ti ń kọ, ṣùgbọ́n owó ni báńkì ń mú wá sí ọkàn Yorùbá, ẹni tí ó fi owó pamọ́ kì í sì gbìn ín kí ó tó lè rí i lò. Àká ni ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, àká irú sì ń sọ ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àká oúnjẹ. ICARDA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àwọn ilẹ̀ gbígbẹ, ní àká irú kan nítòsí Aleppo ní Síríà. Wọ́n ti fi ẹ̀dà ọ̀pọ̀ irú inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí àká àgbáyé tí a ṣí ní Svalbard ní Nọ́wè ní 2008. Nígbà tí ogun Síríà kò jẹ́ kí wọ́n lè lo àká tiwọn mọ́, wọ́n lọ gba irú padà ní Svalbard ní 2015; àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú jáde níbẹ̀. Àwọn ìbátan ìgbẹ́ wà lára ohun tí wọ́n gbé. Wọ́n tún wọn gbìn ní Lẹ́bánónì àti ní Mòrókò, wọ́n kórè, wọ́n sì dá irú tuntun padà sí àká ní 2017.